Bí Linux Ṣe Ń Dá Ohun Èlò Tuntun Mọ̀ Fúnra Rẹ̀

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó kì í mú CD driver dání, ìyẹn CD tó gbé àwọn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń lo ohun èlò inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò ní ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, inú kọ̀ńténà ni wọ́n ń jù ú sí. Á gba Àpápá wọlé, á dé ọjà Ìkẹjà, á sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹnjiníà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òṣòdì, Mafolúkù, Ìsọlọ̀ àti Àjàó. Lọ́dún 2005, àjọ Basel Action Network ṣèwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Èkó, wọ́n sì kọ ọ́ pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ń wọlé lóṣooṣù, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ṣeé tún lò mọ́. Èyí tó ṣeé lò, àdàlù gbáà ni. Láptọ́ọ̀pù méjì lè jẹ́ HP kan náà lójú, kí káàdì Wi-Fi inú wọn má jọra rárá. Ẹnjiníà tó bá fẹ́ fi Linux, operating system bíi Windows, sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìwé kankan tó máa wò. Ohun tó gbójú lé ni pé Linux fúnra rẹ̀ á yẹ inú ẹ̀rọ náà wò, á dá ohun tó bá bá níbẹ̀ mọ̀, á sì ṣètò rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Lónìí, ó ń ṣe é, lọ́pọ̀ ìgbà láì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn tó sì làágùn lé e lórí yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ.

Ẹ fi fúláàṣì Kingston kan sínú ojúhò USB kọ̀ǹpútà tó ní Linux, kí ẹ ṣí tẹ́mínà, kí ẹ tẹ dmesg. Nínú àwọn ìlà tó bá jáde, ẹ lè rí idVendor=0951 àti idProduct=1666. Kingston ló ni 0951. 1666 ni nọ́ńbà irú fúláàṣì yẹn. Fúláàṣì náà á tún sọ pé ẹgbẹ́ 08 ni òun wà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ohun tí à ń kó fáìlì pamọ́ sí. Kí ẹ tó ka àwọn ìlà náà tán, driver tó ń jẹ́ usb-storage ti dìde, orúkọ bíi /dev/sdb ti yọ, fódà sì ti ṣí sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Nǹkan méjì ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Ẹ̀rọ náà lè sọ ẹni tí òun jẹ́, ẹnìkan sì ti jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí irú ẹ̀rọ báyìí bá dé, driver báyìí ni kí wọ́n pè. Níbi tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti yẹ̀, wàhálà dé nìyẹn, gbogbo ìtàn yìí kò sì ju ìjàkadì pẹ̀lú wàhálà yẹn lọ.

Nígbà tí káàdì ò lè sọ̀rọ̀

Nínú kọ̀ǹpútà IBM PC ti ọdún 1981 àti èyí tó ń jẹ́ AT tó dé lọ́dún 1984, káàdì tí èèyàn bá kì bọ inú ẹ̀rọ kò ní ọ̀nà kankan láti sọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó tì í bọ inú ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò rẹ̀. Á yọ jọ́ḿpà kékeré tó wà lára káàdì, á fi há ibòmíràn, kí káàdì náà lè ní IRQ tirẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí yóò máa gbà ké sí prósẹ́sọ̀ nígbà tó bá níṣẹ́, kó sì ní port, ìyẹn àdírẹ́sì tí prósẹ́sọ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀, tí káàdì míràn ò tíì gbà. Káàdì ohùn Sound Blaster sábà máa ń wà lórí port 220, IRQ 5 tàbí 7, àti DMA 1, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà kó dátà lọ sí mẹ́mọ́rì. Ọ̀nà IRQ 16 péré ni AT ní, púpọ̀ nínú wọn sì ti ní olówó: aago inú ẹ̀rọ ló ni 0, kíbọ́ọ̀dù ló ni 1, floppy ló ni 6, háàdì dísìkì ló ni 14. Bí káàdì méjì bá pàdé lórí IRQ kan, àwọn méjèèjì lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, tàbí kí kọ̀ǹpútà dákú pátápátá.

Inú ayé yẹn ni wọ́n bí Linux sí. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kéde pé òun ń kọ operating system kan. Ó sọ nínú ìkéde náà pé kò dájú pé yóò gbé háàdì dísìkì kankan láéláé yàtọ̀ sí ti AT, torí pé ìyẹn nìkan ni òun ní. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tó tẹ̀ lé e. Ohun tí àwọn tó ń kọ Linux bá ní lọ́wọ́ ni Linux ń mọ̀. Èyí tó bá wà ní Èkó tí kò sí lọ́wọ́ wọn, ta ló fẹ́ bá a kọ driver rẹ̀?

Kernel ìgbà náà, ìyẹn ọkàn Linux tó ń bá ohun èlò sọ̀rọ̀, máa ń táràrà wá káàdì ni. Á kọ nǹkan sí port kan, á wo ohun tí port náà bá dá padà, á sì méfò pé ó ní láti jẹ́ káàdì báyìí ló wà níbẹ̀. Donald Becker, tó ń bá àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, ló kọ púpọ̀ nínú driver tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò lórí Linux láyé ọjọ́un. Àmọ́ títáràrà kiri léwu. Kernel tó ń wá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ fọwọ́ kan port tó jẹ́ ti káàdì míràn, kí gbogbo ẹ̀rọ sì há síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń kọ ọ̀rọ̀ bíi ether=10,0x300,eth0 fún kernel nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, láti sọ fún un pé IRQ 10 àti port 300 ni kó kọjú sí, kó má lọ ibòmíràn. Ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà wọ̀nyí á tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ palẹ̀ lọ wo jọ́ḿpà.

Nígbà tí Linux 1.2 fi máa jáde lọ́dún 1995, ó ti ṣeé ṣe láti pe driver wọlé bí module láì tún gbogbo kernel kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kerneld dé pẹ̀lú Linux 2.0 lọ́dún 1996, kmod sì gba ipò rẹ̀ nínú 2.2 lọ́dún 1999, kernel fúnra rẹ̀ wá lè béèrè module tó bá nílò. Síbẹ̀, ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé irú káàdì báyìí wà nínú ẹ̀rọ.

Káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ

IBM ti gbìyànjú lọ́dún 1987 láti jẹ́ kí káàdì lè sọ orúkọ ara rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tuntun tí káàdì ń gbà so mọ́ ẹ̀rọ, tó ń jẹ́ Micro Channel, àwọn tó ń bá a figagbága sì gbé EISA jáde lọ́dún 1988. Méjèèjì wọ́n jù, wọn ò sì tàn kálẹ̀. PCI tí Intel gbé jáde lọ́dún 1992 ló yí ọ̀rọ̀ padà. Gbogbo káàdì PCI ló ní báìtì 256 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ nípa káàdì náà. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, méjì tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ nọ́ńbà irú káàdì tó jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń tàn, kernel á máa ké sí àyè kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ inú rẹ́jísítà láàárọ̀, èyí tó bá wà níjòkòó á dáhùn. Níbi tí kò bá sí ẹnikẹ́ni, ffff ló máa jáde. Intel mú 8086, tó jẹ́ nọ́ńbà prósẹ́sọ̀ rẹ̀ tó gbajúmọ̀. Realtek ní 10ec. NVIDIA ní 10de. Broadcom ní 14e4, èyí tí a ṣì máa pàdé níwájú. Martin Mareš, ọmọ ilẹ̀ Czech, ló kọ lspci, òun ló sì bẹ̀rẹ̀ àkójọ pci.ids tó ń sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di orúkọ tí èèyàn lè kà. Títí di òní, lspci -nn ni àṣẹ tí mo gbà pé ó yẹ kí ẹnjiníà kọ́kọ́ tẹ̀ lórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀, kó tó dá oníbàárà lóhùn pé ohun báyìí á ṣiṣẹ́ tàbí kò ní ṣiṣẹ́.

Káàdì ISA àtijọ́, irú tí IBM PC àti AT ń lò, náà rí ìtúnṣe díẹ̀ gbà. Lọ́dún 1993, Intel àti Microsoft gbé ìlànà Plug and Play jáde fún un, Windows 95 tó dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1995 sì fi í polówó ara rẹ̀. Ní ti Linux, Peter Fox kọ isapnptools. Ẹ ó tẹ pnpdump, yóò da gbogbo ètò tí káàdì lè gbà sínú fáìlì kan, ẹ ó wá máa yọ àmì # kúrò níwájú ìlà tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ tó jẹ́ kí isapnp fi fáìlì náà ṣètò káàdì. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ṣì ni, ṣùgbọ́n kò sí pé à ń fi èékánná yọ jọ́ḿpà mọ́. Ẹ má sì rò pé Linux nìkan ni nǹkan le fún. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1998, níbi ìpàtẹ Comdex ní ìlú Chicago, Bill Gates dúró lórí pèpéle nígbà tí Chris Capossela fẹ́ fi scanner kan han àwọn èèyàn bí Windows 98 ṣe ń dá ohun èlò mọ̀ fúnra rẹ̀. Bó ṣe so ó mọ́ ọn báyìí ni gbogbo ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, tí ẹ̀rọ náà sì dákú níwájú gbogbo èrò.

Inú láptọ́ọ̀pù ni Linux ti kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. David Hinds kọ pcmcia-cs fún káàdì PCMCIA pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tì bọ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù. Bí wọ́n bá ti ti káàdì bọ̀ ọ́, cardmgr á dún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ohùn méjèèjì bá lọ sókè, káàdì ti ṣiṣẹ́. Bí èkejì bá wálẹ̀, a jẹ́ pé cardmgr mọ káàdì náà, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ kò bọ́ sí i. Ẹni tó bá lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí kò lè gbàgbé ohùn méjì yẹn.

Láti bíi ọdún 1999 ni àwọn tó ń pín Linux ti ń díje lórí ọ̀rọ̀ yìí. Red Hat ní kudzu, tó máa ń wo ẹ̀rọ yíká nígbà tó bá ń tàn, tó sì máa ń béèrè ohun tí kí òun ṣe bí ó bá rí káàdì tuntun tàbí tí kò rí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mandrake ní HardDrake. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo wọn ni Knoppix, tí Klaus Knopper láti ilẹ̀ Jámánì gbé jáde lọ́dún 2000. CD kan ṣoṣo ni. Ẹ tì í bọ kọ̀ǹpútà tí ẹ kò rí rí, ẹ tan án, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti mọ káàdì ojú, káàdì ohùn àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láì fọwọ́ kan háàdì dísìkì rẹ̀ rárá. Fún ẹni tó ń gba fáìlì oníbàárà jáde nínú Windows tó ti bàjẹ́, kò sí irinṣẹ́ tó tó o nígbà náà.

USB, hotplug àti udev

Wọ́n gbé USB jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1996. Òun ló sọ ọ́ di dandan kí Linux tún inú ro, torí pé ohun tí èèyàn lè so mọ́ ẹ̀rọ nígbàkígbà, tó sì lè fà yọ nígbàkígbà, kò ṣeé wá nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn nìkan. Linux 2.4 tó jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní, ọdún 2001, gbé USB dáadáa, ó sì ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní hotplug. Bí ohun èlò tuntun bá dé, kernel á pe ètò kékeré kan tó ń jẹ́ /sbin/hotplug, á sọ nọ́ńbà ohun èlò náà fún un, ètò yẹn á sì wá driver rẹ̀ nínú àkójọ bíi modules.usbmap. David Brownell àti Greg Kroah-Hartman wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ yìí jù.

Àmọ́ orúkọ ṣì jẹ́ ìṣòro. Fódà /dev ìgbà náà kún fún orúkọ ẹ̀rọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún, èyí tó wà àti èyí tí kò sí, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá so príńtà méjì mọ́ ẹ̀rọ, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló máa di àkọ́kọ́, bí ẹ bá yí wọn padà lọ́la, orúkọ wọn á yí. Richard Gooch gbìyànjú láti fi devfs yanjú rẹ̀ nínú kernel fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ kernel kò fẹ́ kí òfin ìsọmọlórúkọ wà nínú kernel. Patrick Mochel ṣe sysfs, tó to gbogbo ohun èlò inú ẹ̀rọ sínú fódà /sys, tí èèyàn fi lè rí i pé fúláàṣì yìí wà lórí hub yìí, hub sì wà lórí káàdì báyìí. Orí rẹ̀ ni Greg Kroah-Hartman gbé udev lé lọ́dún 2003, Kay Sievers sì di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó tọ́jú rẹ̀. Linux 2.6 tó jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aráyé.

Ọ̀nà tí udev gbà ń ṣiṣẹ́ lẹ́wà, ó sì yẹ ká wò ó kínníkínní. Bí ohun èlò bá dé, kernel á kéde rẹ̀, udev á sì gbọ́. Nínú ìkéde náà ni ìlà kan wà tó ń jẹ́ MODALIAS. Fún ohun èlò USB, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú usb:v12D1p1446 tàbí irú rẹ̀: v ni ilé-iṣẹ́, p ni irú ohun èlò, nọ́ńbà ẹgbẹ́ sì wà níwájú sí i. Ẹni tó bá kọ driver kan ti kọ àwọn nọ́ńbà tí driver rẹ̀ lè gbé sínú rẹ̀. Ètò tó ń jẹ́ depmod á ṣa gbogbo wọn jọ sínú fáìlì kan, modules.alias. Ohun tó kù ni kí modprobe fi ìlà yẹn wé àkójọ náà, kó sì pe driver tó bá a mu. Lẹ́yìn náà ni àwọn òfin udev á fún un lórúkọ, tí wọ́n á sọ ẹni tó láṣẹ láti lò ó, tí wọ́n sì lè pe ètò míràn tó bá yẹ.

Nígbà kan náà, Havoc Pennington kọ àpilẹ̀kọ kan ní oṣù Keje ọdún 2003, ó ní ó yẹ kí ohun èlò kàn máa ṣiṣẹ́ ni, kí oníkọ̀ǹpútà má mọ ohun tó ń lọ lábẹ́. David Zeuthen kọ HAL láti mú èrò yẹn ṣẹ. HAL ló jẹ́ kí àwòrán fúláàṣì máa yọ lójú kọ̀ǹpútà láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ó wúwo jù, kò sì pẹ́ tí àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn fi sọ pé ká fi í sílẹ̀. Udisks àti upower gba iṣẹ́ rẹ̀, X.Org, ètò tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, náà sì kó lọ sórí udev lọ́dún 2010. Lọ́dún 2012, wọ́n kó udev mọ́ systemd, ètò tó ń tan àwọn ètò yòókù lórí Linux. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà láti eth0 sí irú enp3s0, kí orúkọ káàdì lè máa tẹ̀ lé àyè tó wà nínú ẹ̀rọ. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dùn sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tún server tó ní káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́rin ṣe rí á mọ ìdí rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa níbí

Láti ọdún 2004 tí Ubuntu, irú Linux kan, kọ́kọ́ jáde, ilé-iṣẹ́ Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, máa ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, títí di ọdún 2011. Níbi tí owó íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ́n bíi tiwa, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni.

Lọ́dún 2007, Nàìjíríà wọ ìròyìn Linux káàkiri àgbáyé. Nàìjíríà fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù Classmate ti Intel 17,000 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, kí ó sì ní Mandriva Linux, èyí tí wọ́n ti tò ní pàtó fún ẹ̀rọ náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, François Bancilhon, olórí Mandriva, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Ó ní àwọn tó ń ra ẹ̀rọ náà ti sọ fún àwọn pé wọ́n á san owó Mandriva, àmọ́ wọ́n á fi Windows rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ohun tó dun mí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé kì í ṣe pé Linux kò mọ ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, kámẹ́rà rẹ̀, Wi-Fi rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti yẹ̀ wò. Ibi tó rọrùn jù fún Linux nìyẹn, ibẹ̀ náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti le, tí gbogbo ẹni tó lo Linux ní Èkó láyé ìgbà yẹn sì rántí, ni ọ̀rọ̀ módẹ́ẹ̀mù. Àjọ NCC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìwé-àṣẹ 3G lọ́dún 2007. Kò pẹ́ sígbà náà tí módẹ́ẹ̀mù USB, Huawei tàbí ZTE, tí wọ́n lẹ àmì MTN, Glo, Zain tàbí Etisalat mọ́ lára, di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́, oníròyìn àti oníṣòwò fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣe módẹ́ẹ̀mù náà kò fẹ́ kí oníbàárà máa wá CD driver kiri. Wọ́n fi driver Windows sínú módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi í bọ ẹ̀rọ, ó máa pe ara rẹ̀ ní CD. Windows á ṣí CD náà, á fi driver inú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, driver yẹn á wá rán ọ̀rọ̀ kan sí i, módẹ́ẹ̀mù á kú, á sì jí padà pẹ̀lú nọ́ńbà míràn, ó ti di módẹ́ẹ̀mù.

Lórí Linux, CD ló ń jẹ́ títí lọ. Ẹ tẹ lsusb, àṣẹ tó ń to ohun èlò USB, ẹ rí 12d1:1446. Huawei ló ni 12d1, àmọ́ 1446 ni orúkọ tó ń jẹ́ nígbà tó bá ń ṣe CD. Àwòrán CD yọ pẹ̀lú àmì ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lára, kò sì sí íntánẹ́ẹ̀tì. Linux kò ṣìṣe o. Ohun tí ẹ̀rọ náà sọ nípa ara rẹ̀ ló gbà gbọ́. Àwọn kan rí i pé bí wọ́n bá tẹ eject fún CD náà, pàápàá lórí ọ̀pọ̀ ZTE, módẹ́ẹ̀mù á yí padà. Ẹni tó yanjú rẹ̀ fún gbogbo ayé ni Josua Dietze, tó kọ usb_modeswitch. Ètò náà ní àkójọ módẹ́ẹ̀mù àti ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n rán sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, udev sì ń pè é fúnra rẹ̀. Módẹ́ẹ̀mù tó jẹ́ 1446 á parẹ́, á padà wá pẹ̀lú nọ́ńbà bíi 1436, driver tó ń jẹ́ option á sì ṣí ttyUSB0, ttyUSB1 àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Àkójọ yẹn kò hù látọ̀run. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà inú rẹ̀ ló jẹ́ pé ẹnìkan tó ra módẹ́ẹ̀mù ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, tí kò ṣiṣẹ́ fún un, ló fi ránṣẹ́.

Láyé ìgbà tí ètò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èèyàn ṣì máa ń fi ètò wvdial tẹ *99# fúnra rẹ̀ kí módẹ́ẹ̀mù lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni ModemManager àti NetworkManager, tí Dan Williams ṣiṣẹ́ púpọ̀ lé lórí, gba iṣẹ́ náà. Ẹ yan Nàìjíríà, ẹ yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, àdírẹ́sì web.gprs.mtnnigeria.net ti wà níbẹ̀ fún MTN, internet.ng.airtel.com ti wà fún Airtel. Inú àkójọ tó ń jẹ́ mobile-broadband-provider-info ni wọ́n wà, àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ló sì ń kọ ọ́.

Wi-Fi ní ìnira tirẹ̀. Broadcom, 14e4 tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kò fún àwọn tó ń kọ Linux ní àlàyé nípa káàdì rẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Linux mọ̀ pé 14e4:4315 wà nínú láptọ́ọ̀pù, ó tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì náà nílò firmware, ìyẹn ètò tí wọ́n ń kó sínú káàdì kó tó lè ṣiṣẹ́, òfin kò sì jẹ́ kí wọ́n pín in. Láti gba firmware, ẹ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ nílò káàdì náà. Ìdí nìyí tí okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í fi tán nílẹ̀ ẹnjiníà tó mọ Linux. Broadcom ṣí driver àwọn káàdì rẹ̀ kan sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010. Àwọn Debian, tí àwọn náà ń pín Linux, tí wọ́n sì le gan-an lórí pé kí gbogbo ètò wà lómìnira, dìbò lọ́dún 2022 pé kí firmware wà nínú CD ìfisórí wọn, Debian 12 tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ìpinnu náà. Òmìnira tí kò jẹ́ kí ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ṣoṣo wọ íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣe é láǹfààní púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú náà tún wà. Okùn tí àwọn mẹkáníìkì fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, irú èyí tó wúlò fún àwọn ará Ládípọ̀, lè ní ṣípù tó ń pe ara rẹ̀ ní ti ilé-iṣẹ́ FTDI, 0403:6001, kó sì jẹ́ ayédèrú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, driver tí FTDI fi sílẹ̀ fún Windows bẹ̀rẹ̀ sí í pa nọ́ńbà inú ṣípù ayédèrú rẹ́, ó sọ ọ́ di 0000. Okùn náà kò ní orúkọ mọ́, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Oníbàárà tó rà á kò mọ̀ pé ayédèrú ni. Láàárín oṣù yẹn gan-an ni wọ́n kọ 0403:0000 sínú driver ftdi_sio ti Linux, kí okùn tí wọ́n ti pa lórúkọ lè máa ṣiṣẹ́ lọ.

Kí a má gbàgbé fóònù. Android tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èrò tó ń wọ bọ́ọ̀sì ní Òṣòdì, kernel Linux ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú fóònù kò lè jẹ́ orúkọ bíi ti PCI, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ àpèjúwe gbogbo wọn sílẹ̀ ṣáájú nínú ohun tí wọ́n ń pè ní device tree, tí kernel á kà nígbà tí fóònù bá ń tàn. Lẹ́yìn tí Linus Torvalds fárígá lọ́dún 2011 lórí bí kóòdù ARM, irú prósẹ́sọ̀ tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ṣe ń kún kernel láìlétò ni device tree di ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ARM ń tọ̀. Fúláàṣì tí ẹ bá fi okùn OTG so mọ́ fóònù náà, ọ̀nà USB tí mo ti ṣàlàyé lókè ló ń gbà dé.

Ohun kan wà tí Linux kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ni èdè tí ẹ fẹ́ fi kọ̀wé. Kíbọ́ọ̀dù á sọ pé kíbọ́ọ̀dù lòún, kò ní sọ pé ọmọ Yorùbá ló fẹ́ fi òun tẹ ẹ, ọ àti ṣ. Ètò Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú xkeyboard-config, ó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ti Haúsá àti Ígbò, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ ara yín yàn án.

Ẹ̀yin ẹnjiníà tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ohun èlò tó ń kọjá lọ́wọ́ yín ju èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ Linux lọ. Bí ẹ bá rí èyí tí kò ṣiṣẹ́, ẹ má kàn fi Windows rọ́pò kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ tẹ lspci -nn àti lsusb, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú irú ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tó kọ̀ láti ṣe. Àkójọ pci.ids gba àfikún lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ètò hw-probe sì lè fi gbogbo àlàyé ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí linux-hardware.org pẹ̀lú àṣẹ kan ṣoṣo. Ẹ fi í ránṣẹ́.